Ṣé Ó Tọ́ Kí A Jí Òkú Eré Dìde?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Adájọ́ ni òwe yìí ń bá wí. Ṣùgbọ́n kí ni a ó wí nípa ẹni tí ó jẹ́ olùfisùn, tí ó jẹ́ olùjẹ́jọ́, tí ó jẹ́ adájọ́, tí ó sì tún jẹ́ ẹni tí ó kọ ìwé òfin tí a fi ń dá ẹjọ́ náà? Irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà, kò sì jìnnà. Ẹni tí ó bá jókòó nílé rẹ̀ tí ó ṣe òfin eré ogun, tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì jọ fi òfin náà ṣeré, òun ni.

Ẹni tí ó bá jókòó ti ọpọ́n ayò kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí iye ọmọ ayò. Mẹ́rin-mẹ́rin ni nínú ihò méjìlá, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ méjìdínláàádọ́ta. Àwọn baba ńlá ti là á sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí a tó bí ọ̀ta, kí a sì tó bí ọ̀pẹ. Bí ọ̀ta bá jẹ ọ̀pẹ, ọ̀pẹ lè bínú sí ọ̀ta, ó lè bínú sí orí ara rẹ̀, ó tilẹ̀ lè bínú sí àwọn òǹwòran tí ń pariwo lé e lórí; ṣùgbọ́n kò lè bínú sí òfin, nítorí kò rí ẹni tí ó ṣe é. Òfin eré ogun tí a ṣe nílé kò rí bẹ́ẹ̀. Bàbá òfin wà láàyè, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì, ó ní gègé lọ́wọ́, ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ òun gan-an ni ogun ń lé lọ.

Ó lè dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ eré kò tó ohun tí à ń gbé sórí ìwé. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Orí tábìlì ni wọ́n ti ń ṣe eré ogun yìí. Wọn a fi pákó, aṣọ àti yanrìn ṣe òkè, odò àti igbó. Wọn a to àwọn ọmọ-ogun kéékèèké tí a fi òjé tàbí ike rọ sí i. Wọn a fi rúlà wọn iye ìrìn tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè rìn. Wọn a sì ju dáìsì, irú èyí tí àwọn ọmọ fi ń ta lúdò, láti mọ ẹni tí ìbọn bà àti ẹni tí ìbọn kò bà. Ní 1780 ni Hellwig, olùkọ́ kan ní Brunswick ní ilẹ̀ Jámánì, tẹ ìwé òfin irú eré bẹ́ẹ̀ jáde. Ní 1824 ni ọ̀dọ́ ọ̀gá ológun kan tí ń jẹ́ Reisswitz tún èyí tí baba rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ṣe, tí ó sì gbé e tọ àwọn olórí ogun Prussia lọ. Àwọn wọ̀nyí sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ fún àwọn ọ̀gá ológun wọn. Ní 1913 ni H. G. Wells, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìwé Little Wars, tí àgbàlagbà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ yàrá láti bá ọmọ-ogun òjé ṣeré láìtijú. Láti ìgbà náà ni àwọn tí ń ṣe òfin tiwọn nílé kò ti lóǹkà mọ́.

Ìjà ọjọ́ kan kò ní wàhálà púpọ̀. A tò ó, a jà á, a kó àwọn ọmọ-ogun padà sínú àpótí, ó parí. Èyí tí ó ní wàhálà ni ogun ọlọ́jọ́ gbọọrọ, níbi tí ìjà kan ti ń bí ìjà mìíràn. Orí máàpù ni wọ́n ti ń darí rẹ̀. Oníkálùkù ní ìlú, ọ̀nà, àká oúnjẹ àti ẹgbẹ́ ogun tirẹ̀; ọ̀sẹ̀ kan lórí máàpù lè má ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ nínú yàrá; ìgbà tí ẹgbẹ́ ogun méjì bá pàdé ni a tó lọ to òjé sórí tábìlì. Níhìn-ín ni òfin inú ìwé ọjà kì í tó. Ìwé ọjà lè sọ bí ọta ìbọn ti ń lọ jìnnà tó. Kò sọ ohun tí ẹṣin yóò jẹ lójú ọ̀nà, kò sọ ẹni tí yóò tọ́jú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́, kò sì sọ bí ọ̀nà ti ń rí lẹ́yìn òjò. Ẹni tí ó ni tábìlì ni yóò jókòó tì í, tí yóò rò ó, tí yóò kọ ọ́. Donald Featherstone kọ odindi ìwé lórí irú ogun yìí ní 1970, Tony Bath kọ tirẹ̀ ní 1973. Ohun tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ wúlò fún jù lọ ni kíkọ́ni bí a ti í ṣe òfin.

Bí a bá wá béèrè ohun tí ó ya ogun ọlọ́jọ́ gbọọrọ sọ́tọ̀ gan-an, máàpù kọ́, àká kọ́. Òkú rẹ̀ kì í jí ni. Nínú ìjà ọjọ́ kan, ènìyàn lè fi gbogbo ẹlẹ́ṣin rẹ̀ sọ̀kò sí ẹnu ìbọn ńlá láti gba òkè kan, nítorí ó mọ̀ pé ní Sátidé tí ń bọ̀ wọn yóò tún dúró ṣánṣán. Nínú ogun ọlọ́jọ́ gbọọrọ, ẹlẹ́ṣin tí ó bá lọ lónìí kò ní sí lọ́la. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń ṣe é fi ń rò kí wọ́n tó jà, tí wọ́n fi ń sá nígbà tí sísá bá yẹ, tí wọ́n sì fi ń ṣàánú ẹgbẹ́ ogun kékeré kan tí ó ti jà dáadáa. Òjé ni gbogbo rẹ̀, síbẹ̀ ó ti níye lórí. Bí a bá wá ń jí òkú bí ó ti wù wá, iye náà ti lọ.

Àwọn ọmọ Bronte mẹ́rin ní Haworth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jí òkú wọn dáadáa. Ní oṣù kẹfà ọdún 1826, baba wọn ra ọmọ-ogun onígi méjìlá wá láti Leeds fún Branwell, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí ó bí. Àwọn ọmọbìnrin, Charlotte, Emily àti Anne, tí wọ́n di òǹkọ̀wé ńlá lẹ́yìn ọ̀la, bá a pín nínú rẹ̀, oníkálùkù sì fi orúkọ sọ tirẹ̀. Wọ́n ní àwọn méjìlá náà wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wa níhìn-ín, wọ́n bá àwọn Aṣántì jà, wọ́n sì tẹ ìlú ńlá kan dó. Àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ ara wọn di àǹjọ̀nú alágbára inú ìtàn náà. Bí àwọn akọni wọn bá kú, àǹjọ̀nú a jí wọn dìde, ogun a sì máa bá a lọ.

Kò sí ẹni tí yóò bá wọn wíjọ́ nítorí èyí. Charlotte tí ó dàgbà jù kò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, Anne sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Ṣùgbọ́n ọmọ Áfíríkà tí ó bá ka ìtàn náà kò ní ṣàì béèrè ohun kan: ta ni àǹjọ̀nú àwọn Aṣántì? Kò sí ẹnì kan nínú àwọn mẹ́rin tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ tiwọn. Níbi tí agbára àtijí òkú bá wà lọ́wọ́ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, ìtàn ni a ń pa, a kò ṣeré mọ́; ibi tí ogun náà yóò já sí ti hàn kí ẹnikẹ́ni tó yọ idà.

Ogun tí Robert Louis Stevenson ṣe ní Davos yàtọ̀. Àìsàn àyà ni ó gbé òǹkọ̀wé yìí lọ sí orí òkè Switzerland. Níbẹ̀, ní ìgbà òtútù 1881 sí 1882, òun àti Lloyd Osbourne, ọmọ tí ìyàwó rẹ̀ bí kí ó tó fẹ́ ẹ, sọ òkè àjà ilé di ilẹ̀ ogun. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni Lloyd. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ ya òkè, odò, ìlú àti ọ̀nà sórí pákó ilẹ̀, wọ́n ń fi ìbọn ìṣeré yin ara wọn, ọta ìbọn sì ní iye: ẹni tí tirẹ̀ bá tán yóò dúró kí òmíràn tó dé. Stevenson tún ń kọ ìròyìn ogun náà bí oníwèé ìròyìn. Bẹ́ẹ̀ ni ó jẹ́ pé ọkùnrin yìí kan náà ni ó parí ìwé Treasure Island ní ìlú yẹn. Bí ó bá jẹ́ ti kí a pàtàn kí òkú jí, ta ni yóò borí rẹ̀? Ṣùgbọ́n ìròyìn eré náà, tí Lloyd tẹ̀ jáde ní 1898, fi hàn pé òfin de bàbá bí ó ti de ọmọ.

Kí a má baà ṣìnà, jíjí òkú fúnra rẹ̀ kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀pọ̀ òfin tí ó dára ni ó ń jí wọn. Nígbà tí a bá gbé ọmọ-ogun òjé kan kúrò lórí tábìlì, kò túmọ̀ sí pé gbogbo ènìyàn tí ó dúró fún ni ó kú. Bí òjé kan bá dúró fún ogún ènìyàn, díẹ̀ nínú ogún náà kú, díẹ̀ fara gbọgbẹ́, àwọn mìíràn sá wọ igbó, wọn yóò sì padà bí ilẹ̀ bá mọ́. Nítorí náà ni àwọn tí ó mọ eré yìí dunjú fi máa ń ṣòfin pé lẹ́yìn ìjà, ìdá kan nínú àwọn tí a gbé kúrò yóò padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ìdá mìíràn yóò padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìyókù ti lọ nìyẹn. Ẹni tí ó ṣẹ́gun, tí ó sì dúró lórí pápá, yóò rí púpọ̀ gbà padà. Ẹni tí ó sá yóò fi àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀tá. Òfin yìí bá ìṣe ogun mu. Ó ń jí òkú, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó kú ni ó ti sọ iye tí yóò jí.

Ọ̀rọ̀ wá di ti ẹni tí òfin rẹ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀, tí ó fẹ́ kí ó sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí òkú ti sùn.

Bí ọ̀rẹ́ méjì bá fẹ́ ṣe ogun tí Napoleon gbé lọ sí Rọ́ṣíà ní 1812, ọ̀ràn náà yóò hàn kedere. Ogun náà kò ṣàjèjì sí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn. Ní oṣù kẹfà ọdún náà ni ogun tí ó lé ní 400,000 ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọdá odò Niemen. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án ni Napoleon wọ Moscow. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá ni ó kúrò níbẹ̀. Ìwọ̀nba kékeré ni ó sì padà dé. Àwọn tí kò ka ìtàn náà jinlẹ̀ a máa di gbogbo ẹ̀bi ru òtútù. Ṣùgbọ́n kí yìnyín tó bọ́ rárá ni ebi, àìsàn àti àárẹ̀ ti dín ogun náà kù gidigidi, àwọn ẹṣin sì ti kú lọ bẹẹrẹ láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Nítorí náà olùṣòfin, tí ó fẹ́ kí eré òun jọ òtítọ́, kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹgbẹ́ ogun tí ó bá jìnnà sí àká rẹ̀ ju ìrìn ọjọ́ márùn-ún lọ yóò ju dáìsì ní òpin ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ení tàbí èjì bá yọ, òjé kan yóò kúrò. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kà á, ó ní ó dára. Olùṣòfin mú ti Faransé, ọ̀rẹ́ mú ti Rọ́ṣíà.

Ọ̀rẹ́ kò jà. Ó ń padà sẹ́yìn láti ìlú dé ìlú, ó sì ń jó àká ara rẹ̀ níná bí ó ti ń lọ. Ó jọ̀wọ́ Vilna, ó jọ̀wọ́ Vitebsk, ó jọ̀wọ́ Smolensk. Ìlú kọ̀ọ̀kan tí ó jọ̀wọ́ ni a sì ń yọ nínú àmì tí a ó fi mọ ẹni tí ó borí. Nígbà tí Faransé fi dé Smolensk, nǹkan bí ìdajì òjé wọn ti wà nínú àpótí, wọn kò sì tíì ja ìjà kan tí ó ní láárí.

Olùṣòfin wo tábìlì títí, ó ní, "Òfin ebi yìí ti le jù. Ogun wo ni í kú báyìí láìjà? Jẹ́ kí a sọ ọ́ di ení nìkan, kí a sì dá ìdajì àwọn tí ó ti lọ padà."

Ọ̀rẹ́ ní, "Ṣé èmi ni mo ṣe òfin ni?"

"Èmi ni mo ṣe é. Èmi náà ni mo wá rí i pé ó kù síbì kan."

"O kò rí i nígbà tí a wà ní Niemen."

Ọ̀rọ̀ olùṣòfin pé ogun kì í kú láìjà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tí ó bá ka ìtàn ogun Ìjàyè láàárín 1860 sí 1862 mọ iṣẹ́ tí ebi ṣe nínú odi ìlú náà kí ó tó fọ́. Ṣùgbọ́n kí a tilẹ̀ gbà fún un. Kí a gbà pé òfin náà le ju bí ó ti yẹ lọ, pé ení nìkan ni ó yẹ kí ó pa òjé. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí ó yí i padà ní Smolensk?

Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ ń ṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé wọ́n rò pé olùṣòfin àti òkú rẹ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ kàn: ó ní òjé, òjé rẹ̀ kú, ó fẹ́ kí ó jí, ta ni ó ṣẹ̀? Wọn kò wo ohun tí ọ̀rẹ́ ti ná. Ìlú mẹ́ta tí ọ̀rẹ́ jọ̀wọ́, owó ni ó fi san. Ó san án nítorí ó gba ohun tí a kọ gbọ́, pé bí òun bá farada ìtìjú sísá, ebi yóò jà fún òun. Bí òjé Faransé bá jí, Smolensk kò ní jí pẹ̀lú wọn. Àwọn òkú tí a jí dìde wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀fẹ́. Àpò ẹlòmíràn ni a ti mú owó wọn. Ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ wà, kò sì sí nínú pé a fọwọ́ kan òfin. Òfin tí a ṣe nílé kò mọ́ ju kí a fọwọ́ kàn án lọ.

Àwọn kan yóò ní eré ni. Bí ọ̀rẹ́ méjì bá fi Sátidé mẹ́fà ṣe ogun kan, tí ọ̀kan nínú wọn kò sì rí adùn kankan nínú rẹ̀ mọ́, kí ni òfin wà fún? Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Òfin eré kò wá láti ọ̀run. Adùn ni a ṣe ṣe é, ẹni tí ó bá sì ń fi òfin pa adùn ti gbé àpò ṣáájú ẹrù. Wọn yóò tún ní ọ̀rẹ́ lè gbà. Bí ó bá gbà, ẹjọ́ ti parí.

Ó lè gbà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a wo ibi tí ó jókòó sí. Ilé olùṣòfin ni. Òjé jẹ́ ti olùṣòfin, máàpù jẹ́ ti olùṣòfin, ìrẹsì tí wọ́n jẹ lọ́sàn-án, ìyá olùṣòfin ni ó sè é. Ọmọ tí a kọ́ dáadáa nílẹ̀ wa, báwo ni yóò ṣe dúró níbẹ̀ kí ó ní rárá? Bẹ́ẹ̀ ni tí ó bá jáde lẹ́nu rẹ̀ lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ti ìtìjú. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀rẹ́ òun gbà tọkàntọkàn ní láti kọ́kọ́ mú kí kíkọ̀ rọrùn fún un, èyí sì ṣòro ju kíkọ òfin tuntun lọ.

Nípa adùn, adùn ta ni? Ọ̀rẹ́ ń gbádùn ara rẹ̀ ní tirẹ̀. Ó ti fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ sá kí ó lè dé ọjọ́ òní. Gbogbo ìgbà tí a bá gbọ́ pé eré kò dùn mọ́, ó dára kí a wo ẹni tí ó sọ ọ́, kí a sì wo bí ogun rẹ̀ ti rí.

Olùkọ́ tí ó bá tún ìlànà máàkì ṣe lẹ́yìn tí ó ti rí orúkọ tí ó wà lórí ìwé ìdánwò mọ ohun tí à ń sọ.

Àwọn tí ó ní eré kò pa ẹnikẹ́ni, ó yẹ kí wọ́n gbọ́ ti Japan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún ọdún 1942, àwọn ọ̀gágun ojú omi ilẹ̀ náà péjọ sínú ọkọ̀ ogun Yamato láti fi eré dán ète wọn wò kí wọ́n tó gbéra lọ sí erékùṣù Midway. Apá kan ṣe Japan, apá kan ṣe Amẹ́ríkà. Wọ́n ní òfin, wọ́n sì ní dáìsì. Nígbà tí eré ń lọ lọ́wọ́, ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà tí ó gbéra láti Midway já lu àwọn ọkọ̀ ńlá Japan tí ń gbé ọkọ̀ òfurufú. Okumiya Masatake ni ó ń ṣe onídàájọ́ níbẹ̀. Ó ju dáìsì, ó sì ka ohun tí òfin wí: bọ́ǹbù mẹ́sàn-án ni ó bà wọ́n, ọkọ̀ méjì, Akagi àti Kaga, sì rì. Ugaki Matome, tí ó ń ṣe alága eré, ní rárá, bọ́ǹbù mẹ́ta ni. Akagi jí, ó ní ọgbẹ́ díẹ̀; Kaga rì. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, nígbà tí eré kan apá ogun tí yóò tẹ̀ lé ti Midway, a tún rí Kaga tí ó ń lọ lójú omi bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é. Okumiya fúnra rẹ̀ àti Fuchida ni wọ́n kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé lẹ́yìn ogun.

Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ọdún 1942, Kaga rì lóòótọ́ ní Midway. Ó lé ní 800 ènìyàn tí ó bá a lọ. Akagi, Soryu àti Hiryu náà kò padà délé.

Ó rọrùn láti fi ìtàn yìí wàásù, nítorí náà ó gba ìṣọ́ra. Ní ọjọ́ ìjà gan-an, àwọn ọkọ̀ òfurufú tí ó gbéra láti orí ilẹ̀ Midway kò fi bọ́ǹbù kan ba àwọn ọkọ̀ ńlá wọ̀nyí. Àwọn tí ó gbéra láti inú ọkọ̀ ojú omi Amẹ́ríkà ni ó pa wọ́n run. Èyí ni pé bọ́ǹbù mẹ́sàn-án inú eré pọ̀ jù, ó sì ṣeé ṣe kí Ugaki ní ìdí tí ó mọ́gbọ́n wá láti dín in kù. Ẹ̀bi rẹ̀ kò sí nínú iye náà. Ó wà nínú pé lẹ́yìn tí dáìsì ti bọ́ ni iye yí padà. Pé ẹni tí ó yí i jẹ́ olórí òṣìṣẹ́ ọ̀gágun tí ète náà jẹ́ tirẹ̀. Àti pé kíkọ̀ tí ó kọ iye náà gbé ìbéèrè kan lọ pẹ̀lú rẹ̀, èyíinì ni, kí ni a ó ṣe bí ọkọ̀ méjì bá rì? Nítorí kí a lè béèrè irú rẹ̀ ni a ṣe ń ṣe irú eré bẹ́ẹ̀. Ní ti Kaga tí ó tún jáde ní apá kejì, ìyẹn kò ní àlàyé kankan. Àǹjọ̀nú Haworth ni ó ṣe é.

Àwọn kan ti rò pé onídàájọ́ ni oògùn rẹ̀. Ní 1876, Verdy du Vernois, ọ̀gágun Prussia kan, dábàá pé kí a dín òfin àti dáìsì kù, kí a fi ọ̀rọ̀ lé onídàájọ́ tí ó mọ ogun lọ́wọ́. Ó ní ìdí rere: òfin ti pọ̀ débi pé eré ń falẹ̀ ju ogun lọ. Ìmọ̀ràn náà dára níbi tí onídàájọ́ kò bá ní ẹ̀gbẹ́. Ugaki ní ẹ̀gbẹ́. Nínú eré ilé, níbi tí kò ju ẹni méjì lọ, onídàájọ́ tí kò ní ẹ̀gbẹ́ kò sí rárá, àfi ìwé tí àwọn méjèèjì ti kà nígbà tí ẹnì kankan kò tíì máa borí.

Wells kò fi pamọ́ nínú ìwé rẹ̀ pé òfin òun kò dúró sójú kan. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jà, wọ́n rí ibi tí ó kù sí, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì tún jà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tí ó kàn láti rìn lè lo àkókò bí ó ti wù ú. Nígbà tí wọ́n rí i pé eré ń sú ni, wọ́n fi agogo sí i. Kò sí ẹni tí ó lè pe èyí ní ìrẹ́jẹ. Agogo náà ń ká lé àwọn méjèèjì lórí, ogun tí ń bọ̀ ni wọ́n sì ṣe é fún. Ọkùnrin yìí kan náà ni ó kọ ọ́ ní òpin ìwé rẹ̀ pé kí àwọn tí ogun wù wá ṣe é lórí ilẹ̀ yàrá, kí wọ́n fi ayé sílẹ̀ ní àlàáfíà. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀.

Nítorí náà olùṣòfin tí ó wà ní Smolensk kò ṣàìní ọ̀nà. Ó lè kọ òfin tuntun náà sí ẹ̀yìn ìwé, kí ó fi sílẹ̀ de ogun mìíràn. Bí ó bá dá a lójú pé òfin náà burú débi pé ogun yìí kò lè lọ síwájú, ó lè dábàá pé kí wọ́n ká a nílẹ̀, kí wọ́n padà sí Niemen, kí oníkálùkù gba ohun tí ó ti ná. Ìyẹn jẹ́ jíjí òkú tọ̀tún tòsì, àti ìlú àti ènìyàn. Ọ̀nà kẹta wà, èyí tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ mú wá.

Ọ̀rẹ́ ní, "Ó dára, a ó yí i. Ení nìkan, kí ìdajì sì padà."

Ojú olùṣòfin mọ́lẹ̀.

"Ṣùgbọ́n kí a pààrọ̀ àga. Kí n mú Faransé láti ibí yìí lọ, kí o mú Rọ́ṣíà."

Olùṣòfin wo ìlú mẹ́ta tí ó ti jóná lórí máàpù. Ó wo ọ̀nà Moscow, ó wo òjé inú àpótí. Ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ mú dáìsì, nítorí òpin ọ̀sẹ̀ ti tó, ó sì jù ú. Èjì ni ó yọ. Ó gbé òjé kan kúrò lẹ́yìn odi Smolensk, ó fi í sínú àpótí, ó sì ju ti ẹgbẹ́ ogun kejì.